Awò C8 lórí dẹ́kìn ní Ìbàdàn: ìràwọ̀ ń fa ìrù, Polaris kò sì ṣeé rí

Ọmọ Òkè-Àdó (Ìbàdàn), Ọjọ́ Ajé, 10:47 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi náà. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń fi lẹ́ńsì 135 mm ya ojú ọ̀run láti orí dẹ́kìn ilé wa, ọwọ́ mi sì ti mọ́ ọn. Lóṣù tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n mi rí ẹni tó ń bọ̀ wálé láti ìlú òyìnbó, ó bá fi awò Celestron C8 rán an sí mi. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 203 mm, focal length rẹ̀ (gígùn tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn nínú rẹ̀ kó tó kó jọ sójú kan) sì jẹ́ 2032 mm. Mo ti ní mount equatorial tẹ́lẹ̀, ìdúró oní-mọ́tò tó ń yí awò tẹ̀lé ìràwọ̀. ASI533MC Pro ni kámẹ́rà mi, awò kékeré 50 mm tí mo so mọ́ ẹ̀yìn C8 ni mo sì fi ń ṣe guiding, ìyẹn ni pé kámẹ́rà kejì ń ṣọ́ ìràwọ̀ kan kó lè tún ìrìn mount ṣe.

Alẹ́ mẹ́ta ni mo ti fi ń bá a fà á. Fọ́tò ìṣẹ́jú àáyá 30 péré, gbogbo ìràwọ̀ ti gùn gbọọrọ bí ìdin. Bí mo bá tú focus rẹ̀ kí n lè wo bí jígí ṣe tò, òrùka ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ kò ṣe déédéé, òkùnkùn àárín rẹ̀ fì sápá kan. N kò rí Polaris rárá, ìràwọ̀ àríwá tí a fi ń to mount mọ́ òpó tí ọ̀run ń yí ká: ilé alájà mẹ́ta ló dojú kọ wá níhà àríwá, igi máńgòrò tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Mount gan-an kò fẹ́ rẹlẹ̀ tó. Ìwé rẹ̀ ní láti 10° dé 65° ló lè ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ 7.4° sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé ni Ìbàdàn wà.

NGC 253, galaxy (àgbájọ ìràwọ̀) kan tó jìnnà, ló wù mí láti yà kí oṣù kọkànlá yìí tó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àgùàlà (Houston), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:20 òru

Àbúrò, o kú oríire awò. Inú mi dùn gidi.

Kí o tó fọwọ́ kan sikúrù kankan, jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ṣe 206 lọ́nà ìwọ̀n pixel kámẹ́rà rẹ, kí o wá fi focal length pín ohun tó bá jáde. Pixel 533 jẹ́ 3.76 micron. Pẹ̀lú lẹ́ńsì 135 mm tó o ti ń lò, pixel kan ń gba arcsecond 5.7 lójú ọ̀run (arcsecond jẹ́ ìdá 3600 degree kan, arcminute jẹ́ ìdá 60 degree kan). Pẹ̀lú 2032 mm, 0.38 ni. Àṣìṣe tí lẹ́ńsì kékeré ti ń bá ọ bò láti ọdún méjì, awò yìí ń fi hàn ní ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ojú ọ̀run ń rin arcsecond 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí mọ́tò rẹ bá sùn fún ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ìràwọ̀ ti kọjá pixel 39. Nítorí náà má rò pé ọwọ́ rẹ ti bàjẹ́.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ ni pé kí o wá reducer 0.63, lẹ́ńsì tó ń dín focal length kù, tí wọ́n ṣe fún irú awò yìí. Atẹ́gùn òkè kì í sábà jẹ́ kí ìràwọ̀ kéré ju arcsecond 2 tàbí 3 lọ, torí náà kí o máa gé ọ̀run sí 0.38 kò fi nǹkan kan kún fọ́tò rẹ. Reducer yóò gbé ọ wá sí nǹkan bí 1280 mm, f/6.3. Pixel kan yóò di 0.61, ibi tí kámẹ́rà ń rí yóò sì fẹ̀ láti arcminute 19 sí 30. NGC 253 tó o ń fẹ́ yìí gùn tó arcminute 27. Ní 2032 mm, orí tàbí ìrù rẹ̀ yóò wà níta.

Ohun kan tí mi ò ní fẹ́ kí o fojú fò: láti ẹ̀yìn reducer dé ojú sensọ̀ gbọ́dọ̀ tó 105 mm. 17.5 mm ti wà nínú kámẹ́rà rẹ, ó ku 87.5 mm tí wàá fi òrùka oríṣiríṣi dí. Fi rúlà wọ̀n ọ́n, má fojú díwọ̀n. Bí kò bá pé, ìràwọ̀ igun fọ́tò á máa nà síta, wàá sì máa dá mount lẹ́bi ohun tí kò ṣe.

Ará Òkè-Ògùn (Ìsẹ́yìn), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀gbọ́n Àgùàlà, mo gbà pẹ̀lú yín lórí ìṣirò, àmọ́ n kò gbà pé reducer ló yẹ kó ṣíwájú. Mount tí kò kọjú síbi tó yẹ, ìràwọ̀ rẹ̀ á fa ìrù ní 1280 náà. Tèmi ni pé kó kọ́kọ́ fi awò náà bẹ́ẹ̀ wo òṣùpá fún alẹ́ méjì, kó ya fídíò rẹ̀. Òṣùpá kò bèèrè guiding. Wàá fi mọ bí kókó focus ṣe ń rìn, wàá fi mọ bí wáyà ṣe ń há, ibi tí awò ti ń gbá ẹsẹ̀ mount, gbogbo rẹ̀. Alẹ́ tí a fi kọ́ nǹkan wọ̀nyẹn lábẹ́ galaxy máa ń dunni, torí irú alẹ́ tó mọ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ nílẹ̀ wa.

Ìyá Ìràwọ̀ (Manchester), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:32 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ òpó àríwá ọ̀run yìí ni mo fẹ́ sọ, torí òun gan-an ni àìsàn tó ń ṣe àbúrò wa. Ìyókù á tẹ̀lé e.

Níbí tí mo wà, Polaris ga tó 53°. Mo kàn gbójú sókè ni. Nígbà tí mo gbé mount mi lọ sílé ní Ìjẹ̀bú-Òde fún Kérésìmesì, mo rò pé n ó ti gbogbo rẹ̀ tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Alẹ́ márùn-ún ni mo fi sunkún. Ní ìpele 7° sílẹ̀, Polaris wà nínú ọyẹ́, nínú èéfín, lẹ́yìn igi. Bí o bá tiẹ̀ rí i pàápàá, irọ́ ló ń pa fún ọ: afẹ́fẹ́ ayé máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó bá rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń gbé ìràwọ̀ náà sókè tó arcminute 7 sí ibi tó wà gan-an. Ẹni tó bá tò mount rẹ̀ mọ́ ọn, ìràwọ̀ lè máa yọ̀ tó arcsecond méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Lójú lẹ́ńsì 135 mm, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Lójú C8, o ti rí i fúnra rẹ.

Nítorí náà, gbàgbé Polaris. Bí n ṣe ṣe é nìyí.

Mount tí kò rẹlẹ̀ ju 10° lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ la fi ń mú un rẹlẹ̀. Fi ẹsẹ̀ kan tripod náà kọjú sí àríwá gan-an, kí o wá dín gígùn rẹ̀ kù. Láti 10° sí 7.4°, 2.6° ni a ń wá. Bí ẹsẹ̀ àríwá bá jìnnà sí ìlà ẹsẹ̀ méjì tó kù tó 90 sẹ̀ǹtímítà, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin péré ni wàá fi dín in kù. Kò pọ̀, kò sì ní dojú dé. Ohun tó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù ni irin tí a fi ń mú un dọ́gba: nílẹ̀ wa, ó máa ń rọ̀ tààrà sísàlẹ̀, ó sì lè gbá ẹsẹ̀ tripod. Tú ìdè rẹ̀, fi ọwọ́ yí i káàkiri kí o tó tan mọ́tò. Bí ó bá ń gbá a, wá òpó kúkúrú tí wọ́n ń fi sáàárín mount àti tripod, tàbí kí o fa irin náà wọlé kí o sì fi ìwọ̀n kan kún un.

Lẹ́yìn ìyẹn, drift, ìyẹn wíwo ibi tí ìràwọ̀ ń yọ̀ sí. Wá ìràwọ̀ kan tó wà nítòsí ìlà agbedeméjì ọ̀run, tó ń kọjá láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn ní àárín gbùngbùn. Ní Ìbàdàn, ìlà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí àtàrí rẹ, ó kàn fi 7° fì sí gúúsù. Jẹ́ kí PHD2, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe guiding, máa wò ó láìtún un ṣe. Bí ìràwọ̀ bá ń yọ̀ sí gúúsù, orí mount ti yà sí ìlà oòrùn jù, dá a sí ìwọ̀ oòrùn díẹ̀. Bí ó bá ń yọ̀ sí àríwá, ìdàkejì ni. Nígbà tí ó bá dúró, lọ wá ìràwọ̀ mìíràn níhà ìlà oòrùn, tó ga tó 25° tàbí 30°. Èyí tó bá yọ̀ sí gúúsù níbẹ̀, orí mount ti rẹlẹ̀ jù, gbé e sókè. Èyí tó bá yọ̀ sí àríwá, ó ti ga jù. Padà sí àkọ́kọ́, kí o tún un wò. Ìgbà àkọ́kọ́ gba wákàtí méjì lọ́wọ́ mi. Ní báyìí, ogójì ìṣẹ́jú ni.

Bí o bá ní kọ̀ǹpútà Windows níbẹ̀, N.I.N.A. ní irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Three Point Polar Alignment. Yóò ya fọ́tò mẹ́ta níbikíbi tó o bá fẹ́ lójú ọ̀run, yóò fi wọ́n mọ ibi tí mount kọjú sí, yóò sì máa sọ fún ọ bó ṣe kù sí. Kò nílò Polaris rárá. Ọ̀fẹ́ ni. Mo ṣì máa ń fi drift yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀ o, torí ojú mi ti rí nǹkan.

Nígbà tó o bá parí, fi ọ̀dà ṣàmì sórí dẹ́kìn níbi tí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sí.

Ọmọ Òkè-Àdó (Ìbàdàn), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:15 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. N kò mọ̀ rárá pé afẹ́fẹ́ ń gbé Polaris sókè bẹ́ẹ̀.

Enjiníà Àkúrẹ́, Ọjọ́rú, 7:50 àárọ̀

Ẹ jẹ́ n béèrè: ibo lórí dẹ́kìn náà? Bó bá jẹ́ àárín, kúrò níbẹ̀. Àárín kọnkéré ló máa ń gbọ̀n jù. Wá ibi tí òpó ilé tàbí ògiri tó nípọn wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, kí ẹsẹ̀ tripod dúró sórí ìlà ògiri náà. Má fa ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, jẹ́ kó kúrú tó bó ṣe lè kúrú. Kí ẹnikẹ́ni má rìn lórí dẹ́kìn bí o bá ń ya fọ́tò, kí wọ́n sì pa pọ́ńpù omi. Jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan náà á fi ara rẹ̀ hàn nínú gbogbo ìràwọ̀ rẹ.

Kọnkéré tún máa ń gba oòrùn mọ́ra láti àárọ̀, á wá máa tú ooru náà sókè títí di òru. Bí o bá ń wo ìràwọ̀ láago mẹ́jọ alẹ́, bí ẹni ń wo nǹkan látinú omi tó ń hó ni. Dúró dé aago mẹ́wàá.

Ti iná: má ṣe gbọ́kàn lé NEPA. Mo ti ṣírò tèmi. Mount ń jẹ nǹkan bí ampere 1 sí 2, ẹ̀rọ tó ń mú kámẹ́rà tutù lè jẹ tó 3, bẹ́líìtì tó ń lé ìrì 1 sí 2, kọ̀ǹpútà kékeré ń jẹ ìwọ̀nba. Bí a bá pè é ní 6 ní volt 12, wákàtí mẹ́fà jẹ́ 36 Ah. Bátìrì LiFePO4 50 Ah kan á gbé e dáadáa. Fi wáyà tó nípọn sí i. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn ni kì í jẹ́ kí volt tó dé ọ̀dọ̀ mount, mọ́tò á sì máa ta bí ẹni ń ṣe òtútù. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi fún oṣù mẹ́rin kí n tó gbé mítà síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá sì mú iná gbogbo àdúgbò lọ, ìyẹn ni kí o ṣí kámẹ́rà. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀run Àkúrẹ́ lálẹ́ tí kò síná ló mú kí n nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ yìí.

Àgùàlà (Houston), Ọjọ́bọ̀, 12:40 òru

Ọmọ Òkè-Àdó, ohun kan tún wà nínú ìbéèrè rẹ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Awò 50 mm tó o fi ń ṣe guiding kò lè bá C8 ṣiṣẹ́. Jígí ńlá inú C8 ń gun irin kan bọ̀ nígbà tí o bá ń yí kókó focus, kò dúró gbagidi sójú kan. Bí awò bá ti ń yí ojú padà sí ìwọ̀ oòrùn, jígí náà á sún díẹ̀. Awò kékeré kò mọ̀ nípa rẹ̀. PHD2 á ní gbogbo nǹkan dára, nọ́ńbà rẹ̀ á lẹ́wà, bẹ́ẹ̀ ìràwọ̀ inú fọ́tò ń yọ̀ lọ. Mo fi ọdún kan gbáko ṣe àìgbọ́ràn lórí èyí.

Off-axis guider ni ojútùú rẹ̀, OAG tí a ń pè é. Prism kékeré kan á bu ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sensọ̀, láti ara jígí kan náà, á darí rẹ̀ sí kámẹ́rà guiding. Ohun tí jígí bá ṣe, méjèèjì á jọ rí i. Ọ̀sán ni kí o to focus méjèèjì pọ̀: wá ọ̀pá ìbánisọ̀rọ̀ tó jìnnà ju kìlómítà kan lọ, to kámẹ́rà ńlá dáadáa, lẹ́yìn náà sún kámẹ́rà kékeré nínú ọ̀nà rẹ̀ títí ọ̀pá náà á fi hàn. Lálẹ́, ó ku díẹ̀ láti ṣàtúnṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nínú òkùnkùn láti ìbẹ̀rẹ̀, oòrùn á là bá a.

Ní PHD2, má gbàgbé láti yí focal length padà. Bó bá ṣì jẹ́ ti awò kékeré ló wà níbẹ̀, gbogbo àtúnṣe tó ń fi ránṣẹ́ á ṣì ọ̀nà. Ṣe calibration (kí PHD2 kọ́ bí mount ṣe ń dáhùn) nítòsí ìlà agbedeméjì tí Ìyá Ìràwọ̀ sọ. Jẹ́ kí fọ́tò guiding gba ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 3, má sáré tẹ̀lé gbogbo ìjì tí atẹ́gùn bá jà. Tún jẹ́ kí apá ìlà oòrùn mount wúwo díẹ̀ ju ìwọ̀ oòrùn lọ, kí eyín jíà máa fara ti ara wọn.

Ará Òkè-Ògùn (Ìsẹ́yìn), Ọjọ́bọ̀, 6:30 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni ti OAG. Lórí ìyẹn, n kò ní àtakò.

Ti òrùka tó fì sápá kan: sikúrù mẹ́ta tó wà lójú jígí kékeré iwájú ló ń tún un ṣe. Àbúrò, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wá ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀, tó ga, gbé e sáàárín fọ́tò gẹ́lẹ́, tú focus díẹ̀ kó di òrùka. Wo ibi tí òrùka náà ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Fi ọwọ́ rẹ sí iwájú awò kí òjìji ìka rẹ lè hàn nínú fọ́tò, wàá fi mọ sikúrù tó wà níhà yẹn. Yí i ní ìdá mẹ́jọ ìyípo kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìràwọ̀ á sáré kúrò láàárín, dá a padà sáàárín, kí o tún wò ó. Bí o bá fẹ́ fún ọ̀kan, kọ́kọ́ dẹ ìkejì rẹ̀. Láéláé, má ṣe tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀: àwọn ló di jígí náà mú, ó lè já sínú awò.

Nígbà tí òrùka bá ti dọ́gba, dín focus kù kí òrùka kéré sí i, kí o tún tò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibẹ̀ ni àṣìṣe kékeré ti máa ń yọjú. Má ṣe é nígbà tí awò ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Fún un ní wákàtí kan níta.

Ìyá Ìràwọ̀ (Manchester), Ọjọ́bọ̀, 8:11 alẹ́

Níbi tí ẹ ti mẹ́nu ba kí awò jáde: àbúrò, ṣé inú yàrá tó ní éésì lo ń gbé e sí?

Ọmọ Òkè-Àdó (Ìbàdàn), Ọjọ́bọ̀, 8:40 alẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo rò pé ó máa ń dáàbò bò ó.

Ìyá Ìràwọ̀ (Manchester), Ọjọ́bọ̀, 9:02 alẹ́

Gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí. Gíláàsì tó tutù láti inú éésì, bí ó bá pàdé afẹ́fẹ́ Ìbàdàn tó kún fún omi, á làágùn bí ìgò mínírà. Tó bá di dandan kó wà níbẹ̀, jẹ́ kó wà nínú àpótí rẹ̀ ní pípadé títí tí àpótí náà á fi móoru bí ìta, kí o tó ṣí i. Fi silica gel sínú àpótí náà, kí o sì máa yí i padà, torí nílẹ̀ wa, gíláàsì máa ń bu bí búrẹ́dì. Èyí tó bá ti bu wọ inú, ó ṣòro púpọ̀ láti mú kúrò.

Lálẹ́, fi ìbòrí gígùn sí ẹnu awò, kí bẹ́líìtì tó ń móoru sì yí gíláàsì iwájú ká ní ìwọ̀nba. Bí ọyẹ́ bá dé ní oṣù kejìlá, ìrì á dín kù ṣùgbọ́n eruku á gba ipò rẹ̀. Má ṣe fi aṣọ nù ún o. Rọ́bà tí a ń tẹ̀ kó fẹ́ atẹ́gùn ni kí o fi fẹ́ ẹ. Eruku díẹ̀ lójú C8 kò pa fọ́tò lára. Ìlà tí aṣọ fà sí i kì í lọ mọ́.

Ọmọ Òkè-Àdó (Ìbàdàn), Ọjọ́ Ajé, 2:55 òru

Ẹ kú òru o. Mo mú ìròyìn wá.

Mo dín ẹsẹ̀ àríwá kù ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lé díẹ̀. Mo gbé gbogbo rẹ̀ sórí ògiri tó pín pálọ̀ àti kíṣìnnì. Mo fi N.I.N.A. tò ó, mo fi drift yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́ẹ̀kọ́kọ́, ìràwọ̀ tó wà lókè ń sáré lọ sí gúúsù bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lẹ́yìn wákàtí kan àti ààbọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá tí kò kúrò lójú kan. Mo pe màmá mi wá wò ó.

Sikúrù jígí náà, mo yí i lẹ́ẹ̀mẹ́fà, òrùka dọ́gba. Ẹnìkan ní Èkó yá mi ní OAG àti reducer fún ọ̀sẹ̀ méjì, Ọlọ́run á bù kún un. Ọ̀pá ìbánisọ̀rọ̀ tó wà lọ́nà Bodíjà ni mo fi to focus rẹ̀ lọ́sàn-án.

Ibi tí ó ti há nìyí: mo kọjú sí NGC 253, kámẹ́rà guiding kò rí ìràwọ̀ kankan. Níbòmíràn, ó ń rí wọn.

Àgùàlà (Houston), Ọjọ́ Ajé, 3:30 òru

Àbúrò, iṣẹ́ ńlá lo ṣe yẹn.

Kò sí ohun tó bàjẹ́. NGC 253 wà nítòsí òpó gúúsù galaxy tiwa. Níbẹ̀, à ń wo òde kúrò nínú Milky Way, kò sí ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tó dí wa lójú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí galaxy jíjìn níbẹ̀, ìdí náà nìyẹn tí ìràwọ̀ fún guiding fi ṣọ̀wọ́n. Yí OAG àti kámẹ́rà pọ̀ ní 90° kí prism lè wo ẹ̀gbẹ́ mìíràn. Bí kò bá sí níbẹ̀ náà, sún galaxy kúrò láàárín fọ́tò díẹ̀. Jẹ́ kí fọ́tò guiding gba ìṣẹ́jú àáyá 4, kí o sì pa pixel pọ̀ ní 2 lọ́nà 2. Kó o tó jáde, wo àwòrán ojú ọ̀run nínú kọ̀ǹpútà, wàá ti mọ ibi tí ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ wà láti inú ilé.

Ará Òkè-Ògùn (Ìsẹ́yìn), Ọjọ́ Ajé, 6:20 àárọ̀

Fi èyí kún un. Láàárín oṣù yìí, galaxy náà ń dé ibi tó ga jù ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, 57° ní gúúsù. Bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti ré kọjá ìlà àárín, awò kò ní nílò láti yí dà, ooru dẹ́kìn á sì ti rọlẹ̀. O ní tó wákàtí mẹ́ta kó tó rẹlẹ̀ jù.

Kámẹ́rà rẹ lè tutù tó 35° sí ìsàlẹ̀ ooru àyíká. Lálẹ́ tí ìta jẹ́ 27°, má fipá mú un lọ sí −10, kò ní lè dé ibẹ̀. 0° tó. Gain (agbára tí kámẹ́rà fi ń gbé ìmọ́lẹ̀ ga) 100, fọ́tò kọ̀ọ̀kan ìṣẹ́jú 2 tàbí 3. Nígbà tó o bá ń parí focus, jẹ́ kí yíyí ìkẹyìn kókó náà jẹ́ lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, kí jígí lè máa gun òkè, kó má baà yọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ya flat (fọ́tò ìmọ́lẹ̀ lásán tí a fi ń pa àbàwọ́n eruku àti òjìji rẹ́) ní àárọ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun tó o nà sẹ́nu awò, kí o tó tú kámẹ́rà kúrò. Tó o bá ti tú u, ó ti pẹ́.

Ọmọ Òkè-Àdó (Ìbàdàn), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:48 ìdájí

N kò tíì sùn. 90° tí ẹ ní kí n yí i, ìràwọ̀ kan wà níbẹ̀, kò mọ́lẹ̀ púpọ̀ ṣùgbọ́n PHD2 dì í mú. Total RMS, ìwọ̀n àṣìṣe guiding, wà láàárín arcsecond 0.7 sí 0.9 ní gbogbo òru. Wọ́n mú iná lọ láago mọ́kànlá kọjá, bátìrì gbé e. Fọ́tò ìṣẹ́jú mẹ́ta 46 ni mo yà, 41 ni mo mú nínú wọn. Márùn-ún tó kù, ìkuukù ló kọjá níwájú wọn.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa wọ́n pọ̀. Ó gùn láti igun dé igun, ó rí bí abẹ́rẹ́ tó ti wú láàárín, eruku dúdú sì pín in yẹ́lẹyẹ̀lẹ káàkiri. Mo ń rí àwọn ibi aláwọ̀ pupa níbi tí ìràwọ̀ tuntun ti ń ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ìràwọ̀ igun ọ̀tún nísàlẹ̀ ṣì nà díẹ̀, mo rò pé òrùka mi kù ní nǹkan bí 1 mm sí 105. N ó tún un wọ̀n lọ́sàn-án.

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti gbé fọ́tò náà síbí.

Ìyá Ìràwọ̀ (Manchester), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:15 àárọ̀

Mo rí i. Mo ti ń wò ó láti bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ṣé o mọ̀ pé obìnrin ló kọ́kọ́ rí galaxy yìí? Caroline Herschel, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ní ọdún 1783. Níbi tí mo wà, kì í ga ju 11° lọ, òrùlé aládùúgbò mi ló ń wọ̀ sí lẹ́yìn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ní awò mi, n kò tíì yà á rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àbúrò mi, jọ̀ọ́, fi fáìlì 41 náà ránṣẹ́ sí mi bí wọ́n ṣe jáde, pẹ̀lú flat wọn. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi pa wọ́n pọ̀.

Ọmọ Òkè-Àdó (Ìbàdàn), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:19 àárọ̀

Wọ́n ti ń lọ, mà. Íntánẹ́ẹ̀tì ń falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń lọ.